Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Iye Tó Ń Wọlé: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àjọ ITER

Ẹ̀yin àgbà tó ń darí àjọ ITER ní Saint-Paul-lez-Durance nílẹ̀ Faransé, ẹ̀yin onímọ̀ àti ẹnjiníà tó ń kọ́ ẹ̀rọ ńlá tí yóò máa so átọ́mù hídírójìn pọ̀ kó lè fúnni ní agbára bíi ti oòrùn, ẹ̀yin aṣojú ọmọ ẹgbẹ́ méje tó ń náwó sí i, Ṣáínà, Íńdíà, Japan, Kòríà, Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, mo kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹ kú àfaradà pẹ̀lú, nítorí mo mọ̀ pé ohun tí ẹ ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé iṣẹ́ yín ti pẹ́ jù àti pé owó rẹ̀ ti pọ̀ jù.

N kò kọ tèmi láti fi kún ìyẹn. Ohun tó jẹ mí lógún jù nínú ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Nígbà tí ẹ bá ń pín owó àti àyè fún àwọn ẹ̀rọ tí yóò máa wo inú iná yín, ẹ má ṣe fi èyí tó ń ka átọ́mù tó ń ti ẹ̀gbẹ́ ògiri wọlé sí ìkẹyìn. Mo ti rí ohun tí àìsí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń fà. Ó gba ọdún méjì mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi Yorùbá kọ ọ́ ni. Ẹ̀yin kò ní ṣaláìrí ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa wà ní yunifásítì tí wọ́n ń kọ́ físíìsì, tí ẹnì kankan kò tíì bá sọ̀rọ̀ etí plásímà ní èdè tí wọ́n fi ń ronú, mo sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí mo ń bá yín sọ. Nítorí tiwọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀.

Tokamak jẹ́ àgbá ńlá kan tó rí róbótó bíi tíúbù táyà, tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde tán. Gáàsì hídírójìn oníwúwo, déútéríọ́mù àti trítíọ́mù, ni wọ́n ń fẹ́ sínú rẹ̀, tí wọ́n á sì máa mú un gbóná títí ẹlẹ́kítírónì yóò fi já kúrò lára átọ́mù. Ohun tó dà yẹn ni plásímà. Àárín ti ITER yóò gbóná tó 150 mílíọ̀nù dígíríì, ìlọ́po mẹ́wàá ìgbóná àárín oòrùn. Kò sí ìkòkò tó lè gbà á, nítorí náà òòfà ni wọ́n fi ń dì í mú. Bí wọ́n ṣe so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn tó ń yí i po, bẹ́ẹ̀ ni ion (átọ́mù tí ẹlẹ́kítírónì ti já kúrò lára rẹ̀) àti ẹlẹ́kítírónì kọ̀ọ̀kan ń yí okùn òòfà tirẹ̀ po, àfi pé ó tún ń sáré gba orí okùn náà lọ. Àwọn okùn tó wà nínú ń yí àgbá náà po láìdópin. Àwọn tó wà lóde ń sọ̀ kalẹ̀ lọ kan irin ní ìsàlẹ̀ àgbá, níbi tí à ń pè ní divertor. Ibi tí àwọn okùn méjèèjì ti pààlà, sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ sí inú àti díẹ̀ sí òde, ni etí.

Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti kọ́kọ́ fojú ara mi rí i. Ọ̀gá kan gbé fídíò sí iwájú mi, èyí tí kámẹ́rà tó ń ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan yà, tí wọ́n wá dẹ̀ ẹ́ rọra. Àárín rẹ̀ ṣókùnkùn. Ibẹ̀ ló gbóná jù, àmọ́ kò sí odidi átọ́mù hídírójìn kan tó ṣẹ́kù níbẹ̀ tó lè tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí. Etí nìkan ló ń tàn, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹ̀gbẹ́ òde rẹ̀ kò sì dúró jẹ́ẹ́ rárá. Fọ́nrán-fọ́nrán plásímà ń já kúrò lára rẹ̀, wọ́n nípọn tó ìka ọwọ́, wọ́n gùn tẹ̀lé okùn òòfà, wọ́n sì ń fò lọ bá ògiri. Mo rántí ìyá mi nídìí ẹ̀kọ. Bí ògì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki lórí iná, kì í hó bí omi. Á dákẹ́, á wú, á sì ta bọ́ọ́lù kan síni lápá. Bí etí plásímà ṣe ń jò nìyẹn. Kì í ṣe bí omi tó ń ṣẹ́ jáde lára ìkòkò amọ̀ nìkan, ó tún ń ta.

Mo ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ rí i máa ń ṣe. Mo rò pé iṣẹ́ náà kò ju kí n mọ bó ṣe ń jò lọ.

Ẹ̀rọ tí mo ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ kò nílò orúkọ níbí. Wọ́n fi léésà wọn bí plásímà ṣe ki tó láti òde wá sí inú. Lóde, ó fúyẹ́ gan-an. Tí ẹ bá wọlé tó sẹ̀ǹtímítà méjì, ó ti gòkè bí ògiri. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé ògiri yẹn. Mo kọ ìṣirò méjì sílẹ̀. Èkíní sọ pé jíjò etí kéré gan-an, ìdí nìyẹn tí ohun tó bá wọlé fi ń jókòó síbẹ̀. Èkejì sọ pé jíjò náà pọ̀ díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ agbára kan wà tó ń ti àwọn èérún plásímà padà sínú bí wọ́n ṣe ń gbìyànjú àtijáde. Mo ya ìlà méjèèjì lé orí dátà. Wọ́n bá a mu rẹ́gí, àwọn méjèèjì.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi rò pé mo ṣe àṣìṣe níbì kan. Lẹ́yìn náà ni mo gbé e lọ síwájú ìpàdé. Àgbà kan níbẹ̀ tẹ́tí sí mi títí mo fi parí, ó wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Mélòó ló ń wọlé?" N kò rí èsì fọ̀. Fèrèsé kan péré ni wọ́n fi ń wo ìmọ́lẹ̀ átọ́mù tó ń wọlé lára àgbá yẹn, ibì kan ṣoṣo ló sì dojú kọ. Nígbà tó yá ni a tún rí i pé ohun tó ń bọ́ lára ògiri ti bo gíláàsì rẹ̀ dúdú, kò sì sí ẹni tó mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Nílé wa ní Ìbàdàn, a ní dúrọ́ọ̀mù kan lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ìdí rẹ̀ ti dípẹtà. Màmá mi fi èédú fa ìlà sí ibi tí omi dé lálẹ́ ọjọ́ kan, kó lè mọ̀ bóyá ó ń jò. Nígbà tó di àárọ̀, omi ṣì wà lójú ìlà. Inú gbogbo wa dùn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, tí òjò kò rọ̀, dúrọ́ọ̀mù gbẹ ní ọjọ́ méjì. Òjò tó rọ̀ lóru ọjọ́ ìlà yẹn ló ń rọ́pò ohun tó ń jò lọ. Ojú ìlà kò lè sọ fún yín bí ìkòkò ṣe ń jò tó, tí ẹ kò bá mọ ohun tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń dà sí i. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Ẹ̀yin mọ ìtàn tó ń bọ̀ yìí jù mí lọ, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kà á ni mo ń sọ fún. Ní 1982, ní Garching lẹ́gbẹ̀ẹ́ Munich ní Jámánì, Fritz Wagner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí tokamak tí wọ́n ń pè ní ASDEX. Bí wọ́n ṣe ń fi agbára kún agbára, plásímà náà ṣàdédé yíwà padà. Ó ki sí i, ooru sì bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ nínú rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Etí ni ìyípadà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìrúkèrúdò tó máa ń kó àwọn èérún jáde rọlẹ̀ níbẹ̀, nítorí plásímà etí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn ní ìpele-ìpele, ìpele kan ń sáré ju èkejì lọ, wọ́n sì ń fa ìjì kéékèèké ya kó tó dàgbà. H-mode ni wọ́n pè é. Ìlérí yín pé ẹ ó gba 500 mẹ́gáwáàtì jáde nígbà tí ẹ bá fi 50 mú un gbóná, orí H-mode ló dúró lé.

Ẹ̀rù tó ń bà mí rèé. Nínú àwọn ẹ̀rọ tí a ní lónìí, átọ́mù tó kúrò lára ògiri lè rìn wọnú sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ kí ẹlẹ́kítírónì tó lù ú fọ́. Ó ń dé ibi tí ògiri plásímà wà gan-an. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń kán tààrà sínú dúrọ́ọ̀mù. Ní ITER, etí yóò ki, yóò sì gbóná débi pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú átọ́mù wọ̀nyẹn ni yóò fọ́ lóde ààlà. Ìdí nìyẹn tí fífẹ́ gáàsì láti ẹ̀gbẹ́ nìkan kò fi lè tó, tí ẹ fi ṣètò pé ẹ ó máa yìn wóro yìnyín hídírójìn lọ sínú. Tó bá jẹ́ pé ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ló kọ́ ògiri tí mo wọ̀n, nígbà náà ti ITER yóò tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tó yẹ kó ti dúró. Tó bá jẹ́ pé agbára tó ń tini sínú ló kọ́ ọ, ògiri yóò wà níbẹ̀ bí átọ́mù tilẹ̀ kọ̀ láti wọlé. Ìyàtọ̀ ọ̀nà méjèèjì kò hàn lára èyíkéyìí nínú ìlà tí mo yà. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà sọ àsọtẹ́lẹ̀ fún yín sì gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ tungsten, irin wúwo kan, wá mú kí ó le sí i. Nínú ètò tuntun tí ẹ gbé jáde ní 2024, ẹ yí ògiri inú àgbá padà kúrò ní beryllium sí tungsten. Mo gbà pẹ̀lú yín. Eruku beryllium jẹ́ májèlé, tungsten kò sì ń yọ́ títí ìgbóná fi ju 3,400 dígíríì lọ. Ṣùgbọ́n átọ́mù tungsten kan ní ẹlẹ́kítírónì 74. Àárín plásímà gan-an kò lè bọ́ gbogbo rẹ̀ kúrò lára rẹ̀, èyí tó ṣẹ́kù á sì máa tú ooru dànù bí ìtànṣán. Díẹ̀ péré nínú ion 10,000 ti tó láti pa iná náà. Ní JET, tokamak tó wà ní Culham lórílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi tungsten sí ìsàlẹ̀ àgbá àti beryllium sí ara ògiri ní 2011. Carbon tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń gbé trítíọ́mù mì, ìyẹn sì dínkù gan-an. Àmọ́ wọ́n ní láti máa fẹ́ gáàsì púpọ̀ sí i kí tungsten má baà kóra jọ sí àárín, plásímà náà kò sì di ooru mú bíi ti tẹ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ògiri yẹn gbé kí wọ́n tó gba 69 mẹ́gájúùlù ní 2023, láti inú 0.2 mílígírámù epo, ìyẹn hídírójìn oníwúwo náà.

Kí ló ń gbé tungsten wọlé tàbí kó o jáde ní etí? Ìjà nǹkan méjì ni. Bí plásímà ṣe ń ki sí i sí inú ń fà á wọlé. Bí ó ṣe ń gbóná sí i sí inú ń tì í jáde. Ìrètí wa fún ITER ni pé ìgbóná yóò gòkè fíofío ní etí nígbà tí kíki rẹ̀ yóò tẹ́, tí tungsten yóò fi máa padà sóde. Ìrètí tó dára ni, àwọn kan sì ti rí àmì rẹ̀ ní JET kó tó parí iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá 2023. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ó dúró lórí ìbéèrè kan náà tí àgbà yẹn bi mí. Tí agbára tó ń ti epo sínú bá wà ní tòótọ́, kíki kò ní tẹ́, ohun tí a fẹ́ fún epo náà ni yóò sì máa fa tungsten wọlé.

Mo lè sọ irú rẹ̀ nípa àwọn ELM, ìbúgbàù etí tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ògiri plásímà bá ga jù, tó sì lè yọ́ ojú tungsten ní ITER tí a kò bá kápá rẹ̀. Kọ́ìlì 27, wáyà tí a ká jọ, ni ẹ ṣètò sínú àgbá láti da okùn òòfà rú díẹ̀ kí ìbúgbàù náà má wáyé. Ní DIII-D, tokamak kan ní San Diego ní Amẹ́ríkà, Todd Evans àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2004 pé ó ń ṣiṣẹ́. Wàhálà tó máa ń bá a rìn ni pé nígbà tí kọ́ìlì bá tàn, plásímà sábà máa ń fúyẹ́, àwọn èérún ń sá jáde. Mélòó ni a ó fi rọ́pò wọn? Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ náà ni.

Nípa trítíọ́mù, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Kò sí ilẹ̀ tí a ti ń wà á. Láàárín ọdún 12 ó lé díẹ̀, ìdajì rẹ̀ ti di nǹkan mìíràn. Nígbàkígbà tí ẹ bá wò ó, epo tó wà nínú àgbá yín kò ní tó gírámù kan, ohun tí yóò sì jó nínú èyí tí ẹ bá rọ sí i kò ní tó ìdá kan nínú 100 kó tó gba etí jáde. Ìyókù ni ẹ ó máa fi pọ́ńpù fà, ẹ ó fọ̀ ọ́, ẹ ó tún dá a padà. Hílíọ́mù, eérú iná náà, ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà jáde, ìdènà tó bá di epo mú dáadáa sì lè di eérú mú pẹ̀lú. Ẹni tí kò lè ka ẹnu ọ̀nà yìí kò lè sọ fún ìjọba kankan iye trítíọ́mù tí ilé iná mànàmáná ọ̀la yóò nílò.

Kí ni mo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún gan-an?

Àkọ́kọ́, ìmọ́lẹ̀ ni. Átọ́mù hídírójìn tó ń wọlé máa ń tàn pupa, a sì ti mọ bí a ṣe ń fi kámẹ́rà kà á. Ṣùgbọ́n ògiri irin ń dán. Ìmọ́lẹ̀ divertor, tó pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, ń fò láti ibí sí ọ̀hún títí yóò fi wọ ojú kámẹ́rà tí kò kọjú sí i rárá. Ó dà bí ẹni tó ń wá iná àtùpà nínú yàrá tó kún fún dígí, tí iná mọ́tò sì ń tàn wọlé lójú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ mìíràn wà tí a ń pè ní Lyman-alpha, ojú kì í rí i, ìgbì rẹ̀ kò ju nánómítà 121.6 lọ, ògiri kì í sì fi bẹ́ẹ̀ dá a padà bíi ti pupa. Ó ṣòro mú, mo mọ̀. Kì í gba inú gíláàsì lásán kọjá, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e mì, nítorí náà inú òfìfo ni ó gbọ́dọ̀ gbà dé ojú ẹ̀rọ. Síbẹ̀ wọ́n ti ṣe é ní DIII-D, wọ́n fi wo ẹ̀gbẹ́ inú àti ẹ̀gbẹ́ òde papọ̀. Mo ń bẹ̀ yín kí irú rẹ̀ má ṣe jẹ́ ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gé nígbà tí owó bá há, kó má sì jẹ́ ojú kan ṣoṣo. Ibi tí gáàsì ń gbà wọlé kò rí bákan náà yíká àgbá. Ojú kan yóò purọ́ fún yín bó ṣe purọ́ fún mi, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ ṣètò ọ̀nà tí ẹ ó máa gbà mọ̀ bóyá dígí rẹ̀ ti dúdú.

Èkejì, ẹ ní àkókò kan lọ́wọ́ tí ẹlòmíràn kò ní. Láti 2034 tí ìwádìí yóò bẹ̀rẹ̀ títí di 2039 tí trítíọ́mù yóò wọlé, hídírójìn àti déútéríọ́mù ni ẹ ó máa lò. Nínú ọdún wọ̀nyẹn, ẹ fún etí ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹ ṣí gáàsì, ẹ dé e, ẹ ṣí i, ẹ dé e, kí ẹ wo bí ògiri plásímà ṣe ń dáhùn. Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kì í gbé orúkọ jáde nínú ìwé ìròyìn. Mo mọ bí ó ṣe máa ń rí nínú yàrá ìdarí, tí gbogbo èèyàn ń fẹ́ agbára tó ga jù. Òun ló lè ya ìlà méjì tèmi sọ́tọ̀.

Èkẹta kan àwa tí a kò sí lára àwọn méje. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀, kò sì sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan níbẹ̀. N kò bẹ̀bẹ̀ fún àga nínú ìgbìmọ̀ yín. Dátà etí ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, kí ẹ ṣí i sílẹ̀ pẹ̀lú àlàyé bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n, ibi tó dára àti ibi tó bàjẹ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Ìbàdàn tàbí ní Kútọnu, tí kò ní ju kọ̀ǹpútà kan àti wákàtí iná mélòó kan lóòjọ́, lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ìlà lé e lórí. Ọ̀kan nínú wọn lè rí ohun tí n kò rí.

Àgbà tó bi mí ní ìbéèrè yẹn ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ìlà mi méjèèjì ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà mi, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú, wọ́n sùn lé ara wọn lórí dátà kan náà. N kò tíì lè pa ìkankan rẹ́.

Tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Ìbàdàn kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí etí plásímà